Ta Ni À Ń Tọ́jú Ìlú Àtijọ́ Fún?

Bí ènìyàn bá wọ ìlú tí ògiri rẹ̀ ti lo igba tàbí ọ̀ọ́dúnrún ọdún, ilé ni ojú rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ bá pàdé: òrùlé, fèrèsé, òpó, pópó tóóró tí wọ́n fi òkúta tẹ́. Ohun tí kì í tètè hàn sí i ni àríyànjiyàn tó wà lẹ́yìn ilé wọ̀nyẹn. Ẹnìkan ló sọ pé wọn ò gbọdọ̀ wó wọn. Ẹnìkan ló sanwó àtúnṣe. Níbòmíràn, àwọn kan ti kó ẹrù wọn jáde kí ilé náà tó di àwòyanu fún àlejò.

Láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ayàwòrán-ilé, òǹkọ̀wé, ìjọba àti ará ìlú ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra wọn lọ́wọ́: báwo ló ṣe yẹ kí á pa ìlú tó ní ìtàn mọ́, àyè wo ló sì tọ́ sí ẹni tó wá wò ó? Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 ni wọ́n wó Ilojo Bar ní Tinúbú, l'Ékòó, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ìlànà Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba sì ti kéde ní 1956 pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí òfin ń dáàbò bò ni. Ní 2005, àjọ UNESCO kọ Igbó Òṣun ní Òṣogbo sínú ìwé ogún gbogbo ayé. Orílẹ̀-èdè kan náà ni méjèèjì wà, òfin ló sì dáàbò bo méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan ti di ilẹ̀ gbalasa, èkejì ń gba àlejò lọ́dọọdún.

Kò sí ìdáhùn kan tí gbogbo ayé fẹnu kò sí. Oríṣiríṣi èrò ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìlú tí ó ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Lójú tèmi, ohun tó ya àwọn èrò wọ̀nyí sọ́tọ̀ jù ni ẹni tí oníkálukú wọn rò pé à ń tọ́jú ìlú fún: àlejò tó ń bọ̀, olùgbé tó wà níbẹ̀, tàbí ọmọ tí a kò tíì bí.

Dá a padà sí bó ṣe rí

Èrò tó ti pẹ́ jù ni pé bí ìlú bá ti bàjẹ́, kí á tún un ṣe títí yóò fi padà sí ìrísí rẹ̀ àtijọ́. Aṣíwájú rẹ̀ ni Eugène Viollet-le-Duc, ayàwòrán-ilé ará Faransé. Ìlú olódi Carcassonne ti di àlàpà nígbà náà. Ìjọba tilẹ̀ ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa wó odi rẹ̀, kó tó di pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ fárígá. Láti 1853 ni Viollet-le-Duc ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ odi àti ilé ìṣọ́ ibẹ̀ padà. Ó gbà pé ẹni tó ń tún ilé àtijọ́ ṣe lè parí rẹ̀ dé ibi tí àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ ọ kò parí rẹ̀ dé rí. Ìdí nìyẹn tó fi fi pẹlẹbẹ òkúta dúdú bo àwọn ilé ìṣọ́ kan ní orí ṣóńṣó, bí wọ́n ti ń ṣe ní àríwá Faransé, bẹ́ẹ̀ gúúsù ni Carcassonne wà, níbi tí amọ̀ sísun ti jẹ́ ìborí ilé. Títí dòní ni wọ́n ń bá a wí fún un. Ṣùgbọ́n láìsí iṣẹ́ rẹ̀, kò dájú pé odi kankan ìbá ṣẹ́kù tí ẹnikẹ́ni yóò lọ wò.

Ẹ̀rí tó lágbára jù fún èrò yìí ni Warsaw, olú-ìlú Pólàǹdì. Ní 1944, lẹ́yìn tí àwọn ará ìlú náà dìde sí àwọn ọmọ ogun Hitler, àwọn ọmọ ogun náà mọ̀ọ́mọ̀ run ìlú náà láti òpópónà dé òpópónà. Ó ju ìdá 85 nínú 100 àdúgbò àtijọ́ rẹ̀ tó di òkìtì àlàpà. Lẹ́yìn ogun, wọ́n tún un kọ́. Àwòrán tí Bernardo Bellotto kùn ní ọ̀rúndún kejìdínlógún wà lára ohun tí wọ́n ń wò ṣe é, pẹ̀lú ìwọ̀n ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ilé kíkọ́ ti yà sílẹ̀. UNESCO gbà á wọ ìwé ogún ní 1980. Ẹni tó run ìlú náà fẹ́ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ gbàgbé ara wọn. Ó ṣòro láti dúró níwájú irú ilé bẹ́ẹ̀ kí á sọ pé kì í ṣe ojúlówó.

Àléébù èrò yìí hàn ní Williamsburg, ní Virginia, l'Ámẹ́ríkà. Àlùfáà W. A. R. Goodwin ló fa olówó ńlá nì, John D. Rockefeller kékeré, wọ iṣẹ́ náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ní 1926. Ààfin gómìnà tó ti jóná láti 1781, láti ìpìlẹ̀ ni wọ́n ti tún un kọ́. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn ọ̀rúndún kejìdínlógún ni wọ́n wó tàbí gbé kúrò, torí pé wọn kò bá ìgbà tí wọ́n yàn mu. Ìlú náà dára wò. Ṣùgbọ́n ní ìgbà tí wọ́n ń fara wé yẹn, ó ju ìdajì àwọn ará ìlú náà lọ tó jẹ́ ènìyàn dúdú, ẹrú sì ni púpọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àlejò fi ń wá, tó ń lọ, láìgbọ́ ìtàn wọn. Ó di 1979 kí wọ́n tó gbé ètò kalẹ̀ láti máa sọ ọ́ ní tààrà. Yíyan ọdún tí ìlú yóò padà sí jẹ́ yíyan àwọn tí yóò hàn nínú rẹ̀, èrò yìí kò sì ní òṣùwọ̀n tí a lè fi yàn án.

Má tún un dá, tọ́jú rẹ̀

John Ruskin, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ta ko gbogbo èyí. Nínú ìwé tó gbé jáde ní 1849, ó ka irú àtúnkọ́ bẹ́ẹ̀ sí irọ́: ọwọ́ tó gbẹ́ òkúta náà ti kú, kò sì sẹ́ni tó lè jí i. William Morris tẹ̀lé e, ó sì wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ aláàbò ilé àtijọ́ sílẹ̀ ní 1877, ẹgbẹ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Ìmọ̀ràn wọn rọrùn: dí ibi tó ń jò, la ọ̀nà fún àgbàrá, fi igi ti ògiri tó fẹ́ yẹ̀, kí o sì dá ìyókù sí. Ní 1964, àwọn ọ̀mọ̀ràn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní Venice, wọ́n sì kọ ìwé ìlànà tó gbé èrò yìí káàkiri ayé. Ibi tí ẹ̀rí bá tán sí, kí àtúnṣe dúró níbẹ̀. Ohun tuntun tí a bá fi kún ilé, kí ó hàn pé tuntun ni.

Agbára èrò yìí wà nínú òtítọ́ tó ń bá àlejò sọ. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ògiri mọ̀ pé ògiri náà ni àwọn ará àtijọ́ fọwọ́ kàn. Ṣùgbọ́n ilé òkúta ló wà lọ́kàn àwọn tó dá a sílẹ̀. Ògiri alámọ̀ tí a kò rẹ́, òjò ni yóò kó o lọ. Òrùlé koríko tí a kò pààrọ̀ yóò jẹrà. Ní ibi púpọ̀ ní Áfíríkà àti Éṣíà, ẹni tó bá ní kí á má fọwọ́ kan ilé ti ní kí ilé náà kú.

Ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́ ni ogún

Ní Ise, ní ilẹ̀ Jàpáànù, wọ́n máa ń kọ́ ojúbọ tó lọ́wọ̀ jù ní orílẹ̀-èdè náà tuntun sí ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀, wọn á sì tú ti tẹ́lẹ̀ palẹ̀. Gbogbo 20 ọdún ni wọ́n ń ṣe é. Èyí tó kọjá wáyé ní 2013. Pákó rẹ̀ kò gbó, ṣùgbọ́n ìlànà tí wọ́n fi ń kọ́ ọ ti lé ní 1,000 ọdún. Bí a bá fi ìwé ìlànà 1964 wọ̀n ọ́n, ilé tuntun ni. Ní 1994, àwọn ọ̀mọ̀ràn tún pàdé ní Nara, ní Jàpáànù kan náà, wọ́n sì gbà pé ohun tí à ń pè ní ojúlówó lè yàtọ̀ láti àṣà kan sí òmíràn, pé ìmọ̀ iṣẹ́, ìlò àti ìgbàgbọ́ lè jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀ bí òkúta ti jẹ́.

Abúlé Ogimachi ní Shirakawa-go fi ohun tí èyí túmọ̀ sí hàn. Ilé olórùlé koríko tó ga ni tiwọn, torí yìnyín. Bí òrùlé ẹnìkan bá tó pààrọ̀, gbogbo abúlé ló ń jáde, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti máa ń jẹ́ ọ̀wẹ̀ nígbà tí ẹnìkan bá fẹ́ kọ́lé. Ní 1971, wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí nǹkan mẹ́ta: àwọn kò ní tà á, àwọn kò ní fi háyà, àwọn kò ní wó o. Ó di 1995 kí UNESCO tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Mo ka ìpinnu yìí sí ọ̀kan nínú ohun tó tóbi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ìlú àtijọ́, torí pé àwọn tó ni ilé ló ṣe é fúnra wọn, kò sẹ́ni tó fi òfin kàn án fún wọn.

Ní Djenné, ní orílẹ̀-èdè Málì, àwọn ará ìlú ló ń fi amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ èèpo ìrẹsì rẹ́ mọ́ṣáláṣí ńlá tí wọ́n kọ́ ní 1907. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é, tọmọdé tàgbà, lábẹ́ ẹgbẹ́ àwọn birikilà tí baba ń fi iṣẹ́ náà lé ọmọ lọ́wọ́. Ní Timbuktu, lẹ́yìn tí àwọn agbésùnmọ̀mí wó ibojì àwọn ẹni mímọ́ ní 2012, àwọn birikilà ìlú náà ló tún wọn mọ, iṣẹ́ náà sì parí ní 2015. Ilé ẹjọ́ àgbáyé tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìwà ọ̀daràn dájọ́ ẹ̀wọ̀n ọdún 9 fún Ahmad al-Faqi al-Mahdi ní 2016 nítorí ìparun náà.

Òṣogbo wà nínú agbo yìí. Ọ̀pọ̀ ère tí àlejò ń yà ní fọ́tò nínú Igbó Òṣun, Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣọ̀nà bíi Adébísí Àkànjí ló ṣe wọ́n láti àárín ọ̀rúndún ogún wá. Wọn kò tíì pé 100 ọdún. Ẹni tó bá fi ọjọ́ orí ògiri ṣe òṣùwọ̀n lè béèrè ibi tí àtijọ́ wà níbẹ̀. Ìdáhùn tí èrò yìí ń fún un ni pé igbó náà, odò náà, Arugbá tó ń ru igbá lọ sódò lóṣù kẹjọ, àti ìmùlẹ̀ tó wà láàrin Àtáọ́ja àti Òṣun ni ogún. Ère wà níbẹ̀ láti máa ṣọ́ igbó lọ́wọ́ agégi àti ẹni tó fẹ́ fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́lé. Ìdáhùn yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ìṣòro èrò yìí ni pé ọwọ́ lè tán. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá lọ wáṣẹ́ ní ìlú ńlá, ta ni yóò pò amọ̀? Òmíràn tún wà: àwọn ará Djenné kan ti ráhùn pé òfin ogún kò jẹ́ kí àwọn fẹ yàrá tàbí kí àwọn fi táìsì tẹ́ ilẹ̀ ilé. Láti 2012 ni ogun sì ti lé àlejò sá kúrò ní agbègbè náà, tí owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀ fi dáwọ́ dúró. Ní 2016, UNESCO kọ Djenné mọ́ àwọn ogún tó wà nínú ewu. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn má yí ilé padà, ẹni tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ dá a sí kò sì wá mọ́.

Ìlú kò sí láìsí ará ìlú

Èrò kẹrin ló yẹ kí á dúró tì pẹ́ jù, torí pé òun ni ìyókù kì í fẹ́ gbọ́ títí dé òpin. Àwọn tó dì í mú ní ilé tí a tún ṣe tán tí a sì lé olùgbé rẹ̀ lọ ti kú tipẹ́, bó ti wù kó tàn tó.

Bologna ní Ítálì ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di ètò ìjọba. Pier Luigi Cervellati wà lára àwọn tó darí iṣẹ́ náà. Wọ́n gbé ètò kalẹ̀ fún àárín ìlú ní 1969. Nígbà tó di 1973, wọ́n mú lára owó tó yẹ kí wọ́n fi kọ́ ilé àwọn mẹ̀kúnnù sí ẹ̀yìn ìlú, wọ́n fi tún ilé àtijọ́ inú ìlú ṣe, wọ́n sì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ àti arúgbó tó ń gbé ibẹ̀ padà sínú rẹ̀, lówó ilé tí agbára wọn ká. Gbogbo Yúróòpù ló wá ń wò wọ́n. Àmọ́ nígbà tí ìjọba fẹ́ gba ilé tipátipá lọ́wọ́ àwọn onílé, àwọn onílé kò gbà, ó sì di ọ̀rọ̀ àdéhùn. Owó kò tó láti kárí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Salvador, ní Bahia, ìlú tí ẹ̀jẹ̀ wa pọ̀ nínú rẹ̀, yàtọ̀ gbáà. Àwọn Potogí tẹ̀ ẹ́ dó ní 1549, òun sì ni olú-ìlú Bràsíìlì títí di 1763. Àdúgbò Pelourinho ni àwọn olówó ìgbà náà kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí. Ibẹ̀ náà ni òpó tí wọ́n ń so ẹrú mọ́ nà wà. Nígbà tí àwọn olówó ṣí lọ sí àdúgbò tuntun, àwọn aláìní, tí púpọ̀ wọn jẹ́ ènìyàn dúdú, wọ inú àwọn ilé náà. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ onílù Filhos de Gandhy tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1949 àti Olodum tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979 ti fìdí múlẹ̀. UNESCO kọ orúkọ àdúgbò náà sílẹ̀ ní 1985. Ní 1988 ni wọ́n ṣí Casa do Benin níbẹ̀, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó ń so Bahia pọ̀ mọ́ etíkun wa.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Bahia bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ńlá. Wọ́n kun ògiri ní àwọ̀ tó ń tàn. Ìsàlẹ̀ ilé di ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ àti ilé ọtí fún àlejò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùgbé ló gba owó gbà-má-bínú, tí wọ́n sì kó lọ. Ó yẹ kí á gbọ́ ti ìjọba náà: ọ̀pọ̀ ilé ọ̀hún ló ti fẹ́ wó lé ènìyàn lórí, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò lágbára àtúnṣe. Síbẹ̀, ìlù, oúnjẹ àti ẹ̀sìn àwọn tí wọ́n kó jáde yẹn gan-an ló ń fa àlejò wá sí Pelourinho. Ní 2005, ìjọba àpapọ̀ Bràsíìlì kọ iṣẹ́ àwọn ìyá tó ń dín àkàrà tà ní Bahia sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn olùgbé tó ṣẹ́kù, lẹ́yìn tí wọ́n ti lo òfin bá ìjọba jà, gba àdéhùn pé kí àwọn ìdílé kan dúró sínú ilé tí wọ́n bá tún ṣe. Ó kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ti sọnù. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ilé títúnṣe àti olùgbé lè wà pọ̀, bí ẹnìkan bá lè fi agbára béèrè fún un.

Láàrin Bologna àti Salvador ni Havana, olú-ìlú Kúbà, wà. Eusebio Leal, akọ̀wé ìtàn ìlú náà tó kú ní 2020, gba àṣẹ lábẹ́ òfin ní 1993 kí ọ́fíìsì rẹ̀ máa dá òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ sílẹ̀ ní àárín ìlú àtijọ́, kí èrè rẹ̀ sì padà sí ilé àwọn olùgbé, ilé ẹ̀kọ́ àti ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn ní Belén tí wọ́n sọ di ibi ìtọ́jú àgbàlagbà wà lára iṣẹ́ náà. Yorùbá ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, Leal sì mú un bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò náà dúró lé ọkùnrin kan àti owó àlejò lórí. Ní 2016, wọ́n kó àwọn ilé iṣẹ́ náà lọ sábẹ́ àwọn ológun. Ọ̀pọ̀ ilé ní Havana ni òjò ṣì ń wó.

Bí mo bá ní láti fara mọ́ èrò kan, èyí ni. Mo mọ ibi tó ti rọ: owó rẹ̀ kì í dópin lọ́dún kan tàbí méjì, ó sì ń béèrè pé kí ìjọba dúró láàrin onílé àti ayálégbé títí láé.

Kí àlejò sanwó ìtọ́jú

Àwọn mìíràn ní kò sí ìdí láti máa wá owó kiri nígbà tí àlejò ń rọ́ wọlé. Hoi An ní Vietnam ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé àtijọ́ rẹ̀, lára owó náà ni wọ́n sì fi ń ran àwọn onílé lọ́wọ́ láti tún òrùlé àti òpó wọn ṣe. Ọ̀nà yìí mọ́gbọ́n dání: ẹni tó wá jẹ ojú ìlú ló ń san lára ohun tó ń ná ìlú.

Venice ni wọ́n ti gbé e dé ibi tó jìnnà jù. Láti oṣù kẹrin 2024, ẹni tó bá wá wo àárín ìlú náà láìsùn níbẹ̀ ní láti san yúrò 5 ní àwọn ọjọ́ tí èrò máa ń pọ̀. Ní 2025, ẹni tí kò bá tètè sanwó sílẹ̀ ń san 10. Ṣáájú ìgbà náà, ní 2021, ìjọba Ítálì ti lé àwọn ọkọ̀ ojú omi ńláńlá kúrò ní iwájú gbàgede San Marco. Ìdí tí ọ̀rọ̀ fi le tó bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn tó ń gbé àárín ìlú náà, tí wọ́n tó 175,000 ní 1951, ti wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 50,000 ní 2022.

Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Àwọn olùgbé Venice kan wọ́de lòdì sí owó ẹnubodè náà, torí pé ó sọ ìlú wọn di ilé ìwòran tí wọ́n ń ja tíkẹ́ẹ̀tì fún. Yúrò 5 kò sì lè dá ẹni tó ti wọ ọkọ̀ òfurufú wá padà. Ìlú Lijiang ní Ṣáínà náà ti gba owó ìtọ́jú lọ́wọ́ àlejò, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn Naxi tó ni ìlú náà ti fi ilé wọn háyà fún oníṣòwò tó wá láti ibòmíràn, wọ́n sì ti kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú. Owó ń wọlé, ògiri ń dán, àwọn tó ń sọ èdè ìlú ń dín kù.

Kí ìlú máa dàgbà

Èrò tó kẹ́yìn ní kò sí ìlú kan tó di àtijọ́ láìyí padà, àti pé dídá a dúró ní ojú kan jẹ́ ìfìyàjẹ àwọn tó wà láàyè. Àwọn ará Dresden ní Jámánì dìbò ní 2005 pé àwọn fẹ́ afárá tuntun lórí odò Elbe. UNESCO ní afárá náà yóò ba ojú àfonífojì náà jẹ́. Wọ́n kọ́ ọ, UNESCO sì yọ àfonífojì náà kúrò nínú ìwé ogún ní 2009. Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá irú rẹ̀ pàdé ní 2021 nítorí ilé tuntun àti pápá ìṣeré bọ́ọ̀lù ní etí omi rẹ̀. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ní èbúté tó ti dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún nílò iṣẹ́ ju orúkọ nínú ìwé lọ. Ìlú méjèèjì ṣì ń gba àlejò.

A kò lè fọwọ́ rọ́ ẹjọ́ yìí sẹ́yìn l'Ékòó. Ilẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti Pópó Àgùdà wọ́n, ilé àtijọ́ sì sábà máa ń jẹ́ ti ẹbí, tí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ pọ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tí ìjọba bá kéde ilé kan ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ó ti gba ẹ̀tọ́ àti wó o kọ́ lọ́wọ́ ẹbí, ṣùgbọ́n owó àtúnṣe kì í sábà tẹ̀lé ìkéde náà. A ò lè ní kí ẹbí máa sùn sábẹ́ òrùlé tó ń jò kí ìtàn lè dùn ún sọ.

Síbẹ̀, ohun tí èrò yìí bá gbà, kì í dá a padà. Ilé Àgùdà tí wọ́n bá wó, iṣẹ́ àwọn káfíńtà àti birikilà tó ti Bahia bọ̀ ló lọ yẹn, àwọn tó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, tó ṣì dúró ní Martins Street títí dòní. Ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, mọ́ṣáláṣí ńlá tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia wà lára ẹ̀rí tó kù pé àwọn kan la òkun kọjá lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n sì mú iṣẹ́ ọwọ́ wọn bọ̀. Tí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá tán, ẹni tó bá ti Salvador wá sí Èkó láti wá ojú àwọn baba rẹ̀ kò ní rí ibi tó máa wò.

Ohun tí kò tíì yanjú

Èkíní ni ọ̀rọ̀ onílé. Ìjọba lè ra ilé, ó lè san owó ìtọ́jú fún ẹbí lọ́dọọdún, ó lè dín owó orí kù. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti gbìyànjú níbi kan tàbí òmíràn. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tí ilé ẹbí ti pọ̀ bí tiwa, kò tíì sí ìlànà tó sọ ẹni tí yóò fọwọ́ síwèé lórúkọ ẹbí, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ìdajì ẹbí bá fẹ́ tà. Kí ilé wà lọ́wọ́ ìjọba náà kò ní kó má wó: ní oṣù kejìlá 2020, apá kan Beit al-Ajaib, ààfin ńlá ìlú òkúta Zanzibar, wó lulẹ̀ nígbà tí àtúnṣe ń lọ lọ́wọ́, ẹni méjì sì kú.

Ọ̀rọ̀ iye àlejò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo ìlú tó ní èrò púpọ̀ ló gbà pé òpin wà sí iye ẹni tí pópó tóóró lè gbà. Kò sí ìlú tó tíì rí òṣùwọ̀n tí olùgbé, olótẹ́ẹ̀lì àti ìjọba jọ fọwọ́ sí, torí pé ohun tó pọ̀ jù lójú ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kéré jù lójú ẹni tó ń ta ọjà níbẹ̀.

Ìtàn tó ń dun ni tún wà. Ibi tí wọ́n ti na ẹrú, ọjà tí wọ́n ti tà wọ́n, ṣé kí á tún un ṣe kó dára wò ni, tàbí kí á fi í sílẹ̀ bó ti rí? Ìdáhùn Williamsburg ní 1979 yàtọ̀ sí ti 1926, kò sì dájú pé òun ló máa gbẹ̀yìn.

Èyí tó jinlẹ̀ jù ni ipò olùgbé nínú òfin. Àdéhùn tí UNESCO gbé kalẹ̀ ní 1972, tí ìwé ogún gbogbo ayé dúró lé lórí, dárúkọ ilé ńlá, àkójọ ilé àti ibi ìtàn. Kò ka ayálégbé mọ́ wọn. Àdéhùn 2003 dáàbò bo ijó, ìtàn àtẹnudẹ́nu àti iṣẹ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n kò ní àṣẹ lórí owó ilé. Ìmọ̀ràn 2011 lórí àwọn ìlú tó ní ìtàn dárúkọ àwọn ará àdúgbò, àmọ́ ìmọ̀ràn ni, kò de orílẹ̀-èdè kankan. Bóyá ó yẹ kí ìlú pàdánù ipò rẹ̀ nínú ìwé ogún nítorí pé àwọn olùgbé rẹ̀ ti tán, bí Dresden ti pàdánù tirẹ̀ nítorí afárá, jẹ́ ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń dìbò nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìwé náà kò tíì fẹnu kò lé lórí.